Obìnrin Tí Wọ́n Ní Ó Jẹ Òdòdó Tó Gbẹ̀yìn Láyé

Wọ́n ní Nicanora Roblero, agbẹ̀bí Pinabetal, abúlé olótùútù kan lórí òkè, ti jẹ igi òdòdó tó gbẹ̀yìn láyé. Wọn ò ní ó gé e o. Wọ́n ní ó jẹ ẹ́ ni: òdòdó, ewé, èèpo, títí dé gbòǹgbò. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó bu iyọ̀ sí i, ó sì fi tọ́tíà mẹ́rin, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ ilẹ̀ wọn, tì í sọ́fun. Kí ìròyìn náà tó dé ọjà ìlú ìsàlẹ̀, tọ́tíà mẹ́rin ti di mẹ́rìnlá, wọ́n sì ti fi kún un pé nígbà tí ìyá náà jẹun tán tó gùfẹ̀, adìẹ mẹ́fà ṣubú lulẹ̀ wọn ò dìde mọ́. Ọkùnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì fi orí ìyá rẹ̀ búra pé òun fojú ara òun rí ewé tó ń yọ jáde létí obìnrin náà.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló rẹ́rìn-ín. Nicanora nìkan ni kò rín, nítorí ó mọ ohun tó lúgọ sẹ́yìn ẹ̀rín náà. Òfin ilẹ̀ àjùmọ̀ní Pinabetal ni pé ẹni tó bá run nǹkan inú igbó gbogbo ìlú, ìpàdé lè dìbò kí wọ́n gba oko rẹ̀. Oko kan ṣoṣo ni Nicanora ní, èyí tí Bonifacio ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Oko ọ̀hún fẹ̀gbẹ́ kan ti ti alága ilẹ̀, Don Abundio Escalante, ẹni tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára oko yẹn láti ọjọ́ tí Bonifacio ti húkọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́, torí àwọn tó ń parọ́ mọ́ ọn kì í fẹ́ ká débẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Kò ga ju ilẹ̀kùn ilé adìẹ lọ, ṣùgbọ́n bó bá pariwo ní Pinabetal, màlúù abúlé kejì á gbàgbé koríko tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí kò gbọ́ èdè kankan ju Mam lọ, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ń di ìwọ́ ọmọ bí ẹni ń di okùn bàtà. Ọmọ tó ti gbà sọ́wọ́ lé ní irinwó. Ìjọba fi dókítà kan ránṣẹ́ sí wọn nígbà kan. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó wọ ẹ̀wù mẹ́ta lórí ara wọn, òtútù sì lé e padà sílé. Nicanora ṣì wà níbẹ̀.

Òun náà ló gbẹ̀bí Don Abundio. Ìgè paraku ni Abundio, ẹsẹ̀ ló fi wáyé, ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni Nicanora sì fi bá ẹsẹ̀ méjì náà jìjàkadì. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, "Ẹsẹ̀ Abundio ló kọ́kọ́ dé. Orí ni mo ṣì ń retí."

Igi tí wọ́n ní ó jẹ yìí, Yẹtí Màríà ni wọ́n ń pè é. Àfonífojì kan wà lẹ́yìn òkè, Cañada ni wọ́n ń pè é. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ni kùrukùru máa ń wọ ibẹ̀, á sì jókòó bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Inú kùrukùru yẹn ni igi náà ń hù sí, igi kúkúrú tí òdòdó rẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀ lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, pupa lókè, àwọ̀ wúrà nísàlẹ̀, ó ń mì jolojolo gẹ́gẹ́ bí yẹtí létí ìyàwó tuntun. Ẹ má rò pé àwọn ará Pinabetal kà á sí o. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa fi fìlà kọ́ ọ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe gáà. Ìwúlò tí wọ́n mọ̀ fún un kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nicanora nìkan ló rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ó ní ilé ooru kan lẹ́yìnkùlé, ilé amọ̀ kékeré tí èèyàn ń rá wọ̀. Òkúta á gbóná ràì nínú iná, wọ́n á da omi lé e, ooru á sọ gùù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ á dùbúlẹ̀ lórí pákó, agbẹ̀bí á sì máa fi ìdì ewé gbá a lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí eegun tó yà fi máa padà sáyè rẹ̀. Ewé Yẹtí Màríà ni Nicanora ń lò. Gbogbo obìnrin Pinabetal ló mọ òórùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kò mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀yìn ilé ooru yẹn ni wọ́n ń ri olóbì ọmọ mọ́, wọ́n sì gbà pé ọkùnrin tó bá tẹ ibẹ̀, orúnkún rẹ̀ á wú títí dé itan. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ lásán mú ejò ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ kí orúnkún òun wú.

Ó wá di ọdún tí Ọ̀mọ̀wé Remedios Quiñones dé láti olú-ìlú, obìnrin kan tó ń ka ewé bí ẹni ń ka lẹ́tà olólùfẹ́. Nígbà tó rí Yẹtí Màríà ní Cañada, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó bú sẹ́kún.

"Kò sí níbòmíràn," ó wí. "Gbogbo ayé pátá, ibí yìí nìkan ni."

Ó ní òun máa padà wá pẹ̀lú aṣojú ìjọba, kí wọ́n lè fi òfin dáàbò bo àfonífojì náà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "ìjọba" nìkan ni Don Abundio gbọ́.

"Bí ìjọba bá wọ Cañada, kò ní jáde mọ́," ó sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di oko pòtétò kíákíá. Ta ló máa gba oko tó ti gbó lọ́wọ́ àgbẹ̀?"

Ìparí oṣù kẹrin, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sun oko de òjò, Domitila, ìyàwó Abundio, wá fi ẹ̀yìn tó ń dùn ún gba ooru lọ́dọ̀ Nicanora. Láti inú òkùnkùn ilé amọ̀ náà ló ti sọ̀rọ̀:

"Màmá, ọ̀la ni wọ́n máa dáná sun Cañada o."

"Àwọn wo?"

"Àwọn wo tún ni? Ẹsẹ̀-ló-kọ́kọ́-dé ni."

Nicanora kò dúró kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Ó lọ bá Abundio lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Abundio, ohun tí mo gbọ́, ṣé òótọ́ ni?" Ọkùnrin náà ń pọ́n àdá lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá, ewé lásán ni. Ewé pọ̀ láyé."

Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, ìyá náà ti wà ní Cañada. Ó gé ẹ̀ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó fi ewé wínníwínní tútù tó ń hù lára igi wé wọn, ó sì gbé wọn pọ̀n. Fidencio, àbúrò Abundio, rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìdì ewé lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, iná sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Cañada fi jó, eérú sì ń já bọ́ sínú ìkòkò ẹ̀wà gbogbo ilé, tó fi jẹ́ pé ohun tí gbogbo Pinabetal jẹ lọ́sẹ̀ náà ni igbó ara wọn.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tí olúkúlùkù ń ri ẹ̀ka tútù mọ́lẹ̀ ṣe ọgbà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, Nicanora ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé ooru. Mẹ́tàlélógún gbẹ. Mẹ́ta tó sún mọ́ ògiri yè é, nítorí ògiri náà ti sán, ooru sì ń gba ibi tó sán jáde bò wọ́n láràárọ̀, bí ẹni pé kùrukùru Cañada ló tọ̀ wọ́n wá. Gbogbo obìnrin tó wá gba ooru ló rí wọn. Ẹnìkan kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ìwé ìjọba sì ń rìn bọ̀ bí ìgbín tó ru ẹrù. Ọdún kan àtààbọ̀ kọjá. Òjò ti gbá ilẹ̀ Cañada lọ sínú odò, pòtétò tí Abundio kórè níbẹ̀ kò sì tóbi ju ìgbẹ́ ewúrẹ́ lọ; àwọn ewúrẹ́ gan-an bínú sí àfiwé yẹn. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà Ọ̀mọ̀wé dé: òun àti aṣojú ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìjọba sì fẹ́ fi ẹ̀rọ omi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú tó tọ́jú òdòdó náà.

Don Abundio ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, òógùn bò ó nínú òtútù. Ó nílò ẹni tó máa dì í rù. Fidencio bá ní, "Ìyá agbẹ̀bí ńkọ́? Mo rí i tó pọ̀n ọ́n lọ." Abundio ní, "Kí ló fẹ́ fi ṣe?" Fidencio ní, "Bóyá ó jẹ ẹ́ ni." Ibẹ̀ ni irọ́ náà ti gbéra. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí òrùlé alága ti ń kígbe: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nílé Fidencio, ó tutù yọ̀yọ̀! Ẹ gbọ́ èyí náà: ìpàdé wà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Máàsì, lórí Nicanora Roblero tó run Yẹtí Màríà, àti lórí oko rẹ̀!"

Inú bí Nicanora débi pé tọ́tíà tó ń tẹ̀ pẹlẹbẹ lọ́wọ́ di bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ó pa ẹnu mọ́. Ó mọ̀ pé bí Abundio bá gbọ́ pé mẹ́ta kù láyé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti di eérú kí Ọ̀mọ̀wé tó dé. Ẹnu tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dákẹ́ rí láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin wá dákẹ́ lórí igi mẹ́ta náà fọ́jọ́ mẹ́rin gbáko, ó sì ń ta á lẹ́nu bí ata.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Abundio fúnra rẹ̀ wá, fìlà lọ́wọ́, ó dúró sójúde.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Sọ ohun tó gbé ọ wá."

"Ẹ má bínú sí mi. Ìlú ló ń pariwo. Tí ẹ bá kàn fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ka síwèé pé ẹ yọ̀ǹda oko, màá ní kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ti dàgbà. Kí lẹ fẹ́ fi oko ṣe?"

"Ohun tí ìwọ fẹ́ fi ṣe é ni."

"Ṣé mo ti wí pé mo fẹ́ ẹ ni?"

"Abundio, èmi ni mo kọ́kọ́ rí ìdí rẹ láyé yìí. Kò sí ohun tó o lè fi pamọ́ fún mi."

"Ìyá, ẹ fọ̀wọ̀ fún alága!"

"Alága! Ẹni tó fi kẹrosíìnì gbin pòtétò! Mélòó lo kó? Ṣé o rí èyí tó tó fi dí ihò imú?"

"Wọ́n máa dìbò lé yín lórí lọ́jọ́ Àìkú."

"Kí wọ́n dì í. Kúrò lójúde mi kí n tó dá ọ padà síbi tí mo ti fà ọ́ yọ."

Ó gbé ìkòkò omi ẹfun tó fi bọ àgbàdo kí èèpo rẹ̀ lè bó, ó dà á nù sórí bàtà aláwọ ọkùnrin náà. Bàtà tuntun ni, ó funfun títí dé kókósẹ̀. Abundio lọ, ó ń tẹlẹ̀ gọ́ńgọ́ bí adìẹ tó tẹ ẹrẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Àwọn ọkùnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn obìnrin tí kò ní ìwé ilẹ̀ dúró lójú fèrèsé níta, nítorí ní Pinabetal ìwé ilẹ̀ ló ń jókòó, kì í ṣe èèyàn. Nicanora nìkan ni obìnrin tó wọlé, torí ìwé Bonifacio. Ọ̀mọ̀wé Remedios àti aṣojú ìjọba, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbọ̀n fún òtútù, wà níwájú. Wọ́n ti lọ sí Cañada láàárọ̀. Ojú Ọ̀mọ̀wé rí bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú dé.

Don Abundio dìde, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó ní ìlú Pinabetal fẹ́ràn Yẹtí Màríà ju ọmọ inú wọn lọ. Ó ní àwọn a máa lọ kí i láràárọ̀. Ó ní iná ṣèèṣì já wọ Cañada, ṣùgbọ́n kí iná tó débẹ̀, ẹnìkan ti wọlé lọ gé gbogbo rẹ̀ tán, ẹni náà sì wà níjòkòó yìí.

Ọ̀mọ̀wé yíjú sí Nicanora. "Ìyá, wọ́n ní ẹ jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n..."

"Mo jẹ ẹ́," ni Nicanora wí.

Gbọ̀ngàn hó yèè. Ọkùnrin kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

"Òdòdó mẹ́ta ni. Ó ti lé lógójì ọdún. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá májèlé ni kí n tó fi kan ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ. Ó korò bí ọṣẹ. Ahọ́n mi kú fọ́jọ́ méjì, mi ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ìlú yìí ṣì ń sọ nípa ìsinmi ọjọ́ méjì yẹn."

"Ẹ gbé e kúrò lórí ọ̀rọ̀ jíjẹ!" Abundio kígbe. "Ìdì ewé tí Fidencio rí ńkọ́? Ṣé ẹ gé e àbí ẹ ò gé e?"

"Mo gé e."

"Ó ti jẹ́wọ́! Ẹ dìbò! Ẹ nawọ́ sókè!"

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti ń kà á dé mọ́kànlá ni ohùn kan ti ojú fèrèsé já wọlé bí òkúta.

"Abundio! Kẹrosíìnì tí ẹ gbé lọ sí Cañada, ṣé kì í ṣe inú ìgò òróró mi lẹ rọ ọ́ sí? Títí dòní, ẹyin tí mo bá dín ń rùn bí àtùpà!"

Domitila ni. Abundio ní, "Obìnrin, lọ sílé!"

"Ilé wo? Èyí tó ń rùn yẹn?"

Obìnrin mìíràn gba ọ̀rọ̀ náà: "Ọkọ tèmi náà lọ! Irùngbọ̀n rẹ̀ jó dà nù, ó ní òun fá a ni!" Ẹ̀kẹta tún gbà á, ẹ̀kẹrin gbà á. Ọwọ́ tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan ń fi tiwọn họ orí bí ẹni pé orí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ nà án.

Nicanora dìde. "Ọ̀mọ̀wé, ẹ tẹ̀ lé mi. Ìwọ tó ń gbọ̀n yìí náà, máa bọ̀."

Gbogbo ìlú tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé igun ilé ooru, àwọn ọkùnrin dúró gbagidi bí ẹni pé ògiri ló kọ lù wọ́n. Abundio na ọrùn títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Aṣojú ìjọba, tí ẹnìkan kò tíì sọ ọ̀rọ̀ orúnkún fún, kọjá lọ tàìbẹ̀rù. Lẹ́yìn ilé náà, igi mẹ́ta dúró nínú ooru, wọ́n ti ga ju Nicanora lọ, ọ̀kan sì ti tanná: yẹtí mọ́kàndínlógún, pupa àti wúrà, omi ń kán lẹ́nu wọn. Ọ̀mọ̀wé kúnlẹ̀. Àwọn obìnrin dúró yí i ká, ọ̀kan nínú wọn sì fi ìborùn bò ó.

Àmọ́ ẹ wo nǹkan tí ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ dé lè ṣe. Kí Ọ̀mọ̀wé tó dìde, Abundio ti ń pariwo láti igun ilé: "Ṣé ẹ rí i? Àwa ará Pinabetal ló fi ọgbọ́n pa á mọ́! Eleuterio, kọ ọ́ sílẹ̀!" Eleuterio akọ̀wé, tó ń kọ ohunkóhun tí alága bá wí títí kan ikọ́ rẹ̀, ti ń kọ ọ́. Aṣojú ìjọba mi orí, inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ tètè padà sílé ibi tó lóoru. Ó ní òun náà ní gbólóhùn kan tó dára tí wọ́n lè fi kún un, ó sì pè é fún Eleuterio.

Nicanora gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin tó ti gbé mì ló ń padà bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Eleuterio. Kà á sí mi létí."

Akọ̀wé wo Abundio, ó wo ìyá tó gbẹ̀bí òun náà, ó kà á: "Àwùjọ Pinabetal, lábẹ́ ìdarí Don Abundio Escalante, tọ́jú òdòdó Yẹtí Màríà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Màmá Nicanora Roblero, ẹni tí ìfẹ́ tó ní sí ẹ̀dá inú igbó mú kó..."

"Dúró ńbẹ̀. Fa ìlà sí gbogbo rẹ̀."

"Ìyá," aṣojú ìjọba wí jẹ́jẹ́, "omi ń bọ̀, gbogbo yín lẹ máa mu ún. Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ díẹ̀?"

"Kí omi máa bọ̀. Ọmọ tí mo gbà sọ́wọ́ ló máa mu ún, mi ò bá omi jà. Ìwé ni mò ń bá jà. Ọjọ́ tí mo bá kú, ìwé yìí ló máa máa sọ̀rọ̀, mi ò ní sí ńbẹ̀ láti gbá a létí." Ó kọjú sí akọ̀wé. "Kọ ọ́: Abundio Escalante àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló sun Cañada. Má wojú rẹ̀, ìwé ni kó o wò. Kọ ọ́: Nicanora Roblero gé ẹ̀ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́tàlélógún kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ mẹ́tàlélógún náà sílẹ̀, mi ò ṣe é láṣeyọrí tán. Kọ ọ́: àwọn obìnrin mọ̀, àwọn ọkùnrin ò mọ̀. Kọ ọ́: oko Bonifacio Roblero, oko ìyàwó rẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ dìbò gbà á lónìí, ọwọ́ mọ́kànlá ló gòkè, kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn."

Gègé Eleuterio ń sáré, òógùn ń kán sórí ìwé. Níbi igun ilé, àwọn ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fẹ̀yìn rìn.

"Ó tán, Màmá?"

"Kò tíì tán. Ibi tẹ́ ẹ ti pe ìfẹ́ yẹn, ta ló sọ fún yín? Ìfẹ́ wo? Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ló ń dùn wọ́n, ewé yẹn ló ń wò ó, ẹnìkan sì fẹ́ fi pòtétò ìgbẹ́ ewúrẹ́ rọ́pò rẹ̀. Pa ìfẹ́ rẹ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà, kẹ́ni tó fọ́jú lè kà á: inú ló bí i tó fi gé e, inú sì ń bí i títí di àkókò tí wọ́n ń kọ ìwé yìí."